Títò fún oúnjẹ
Ọdún 1976 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ náà ni Ọbásanjọ́ gbé Operation Feed the Nation dé: kí kálukú gbin nǹkan sẹ́yìnkùlé. Ní 1984, ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ni mí, a tò fún essenco. Mílíìkì, ṣúgà, ìrẹsì! (Ẹ̀yin ọmọ òde òní ò lè mọ̀ ọ́n.) Ó wá di May 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Owó ọkọ̀ tó ń kó iṣu wá sí Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ lọ sókè, iṣu náà tẹ̀ lé e.

Ní December 21, 2024, èèyàn 10 kú níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Ábújà. Mo pe àwọn díákónì wa: a ò ní ní kí ẹnikẹ́ni wá tò mọ́. Alẹ́ la ó máa gbé e lọ bá wọn nílé, láìya fọ́tò. Ẹni tó bá mọ opó tí ojú ń tì, l'Ákùúrẹ́ tàbí l'Óǹdó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ fún mi.