Sóbò Dídì ní Òkè-Ògùn

Kí fírísà tó dé Òkè-Ògùn, ohun mímu tí a sè kì í pẹ́ nílé. Ìyá tó bá pọn ọtí ọkà bàbà ní Ṣakí, tàbí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àgbàdo ní Ìsẹ́yìn, ọjọ́ ọjà ló ń pọn ọ́n dè. Bó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan; bó bá di ọjọ́ kẹta, àwọn tó fẹ́ kó pa wọ́n nìkan ló ń wá a. Àmù ni wọ́n fi ń mú nǹkan tutù. Omi á máa sun díẹ̀díẹ̀ gba ara amọ̀, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, èyí tó kù nínú á sì tutù. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ pápá wa gbẹ, omi àmù a máa tutù dé eegun. Ṣùgbọ́n àmù kò dá kíkan dúró.

Ọdún 1922 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní ilẹ̀ Sweden, Baltzar von Platen àti Carl Munters, ṣe fíríìjì tí kò ní mọ́tò kankan: ooru iná ló ń mú inú rẹ̀ tutù. Irú rẹ̀ tó ń jẹ kẹrosíìnì ló dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ìjọ àti ilé ìwòsàn tí iná mọ̀nàmọ́ná kò tíì dé. Oògùn ló wà fún, kì í ṣe ohun títà. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí dáàmù Kainji tó ń pèsè iná mọ̀nàmọ́ná ní 1969, tí wọ́n sì dá àjọ iná NEPA sílẹ̀ ní 1972, ni wáyà iná bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìlú kan tẹ̀ lé òmíràn, tí obìnrin olókòwò fi lè ronú àtira fírísà.

Màmá mi wà lára irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀, ní Ìsẹ́yìn; sóbò ló ń tà. Isápá funfun la mọ̀ tẹ́lẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí la sì ń fi í sè. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa la ti kọ́ bí a ṣe ń sè isápá pupa mu, èyí tí à ń pè ní sóbò. Màmá á ṣan isápá náà títí yanrìn á fi tán, á sè é pẹ̀lú atalẹ̀, kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó, á fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, á po ṣúgà mọ́ ọn. Nígbà tó bá tutù la óò máa rọ ọ́ sínú ọ̀rá, tí a óò máa so ó, tí a óò sì kó o sí fírísà kó lè dì. Lóṣù Ramadan, àwọn tó fẹ́ fi ṣínu a máa tò dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó ń hun aṣọ òfì náà ń rà á, ṣùgbọ́n ìta ni wọ́n ti ń mu ún, kó má baà kán sí òwú funfun.

Ẹni tó bá fa sóbò dídì mu mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló dùn jù. Bó bá yá, yìnyín funfun tí kò ládùn ló ń kù nínú ọ̀rá. Àwọn ọmọdé ń pariwo pé wọ́n bu omi là á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ló ń kọ́kọ́ dì, á sì ti ṣúgà àti àwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan; nígbà tó bá ń yọ́, àwọn yẹn ló ń kọ́kọ́ ṣàn. Bákan náà ni kọfí tí a pò tí a sì gbé sí fírísà: èyí tó kọ́kọ́ yọ́ ló dúdú jù, tó sì korò jù.

Òtútù kì í pa àwọn kòkòrò tó ń mú sóbò kan. Oorun ló ń kùn wọ́n. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì, wọ́n á jí. Òfin Màmá ni pé èyí tó bá ti yọ́ kò gbọdọ̀ padà sí fírísà fún títà. Ó ń pín in fún àwọn ará ilé lọ́jọ́ náà, àdánù tirẹ̀ ló sì ń jẹ́. Mo ti rí àwọn tó ń dì í lẹ́ẹ̀mejì, inú sì ń run àwọn ọmọ tó mu ún.

Bí iná ṣe ń lọ yìí, dáàmù Ìkẹrẹ̀ wà nítòsí wa, lórí odò Ògùn. 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, iná sì wà lára ohun tí wọ́n ní yóò fún wa. A ṣì ń retí iná náà. Ẹ̀yin tó wà nípò, ẹ parí rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tó ń ta sóbò, títí di ìgbà yẹn, ẹ má dì í lẹ́ẹ̀mejì.