Àṣá kékeré: ìrísí àti ìṣe rẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá gbójú sókè ní Tàkíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹ rí ẹyẹ ńlá tó ń rà bàbà lókè ọjà, tí ìdí ìrù rẹ̀ là díẹ̀, àwòdì nìyẹn. Àbúrò rẹ̀ tó ń gbé inú igi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀: àṣá kékeré, tí Òyìnbó ń pè ní shikra.

Kò fi bẹ́ẹ̀ ju rúlà yín lọ, ìyẹn nǹkan bíi 30 sẹ̀ǹtímítà. Abo tóbi ju akọ lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí eérú, ìlà pupa rúsúrúsú wẹ́wẹ́ wà ní àyà rẹ̀. Ojú àgbà wọn pupa. Ọmọ wọn dà bí àwọ̀ ilẹ̀, ojú rẹ̀ sì rí bí ìyeyè, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń rò pé ẹyẹ mìíràn ni.

A máa ń pa á lówe pé, "Àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun." Òwe yìí kò bá àṣá kékeré mu rárá. Inú ewé dóńgóyárò tàbí máńgòrò ló ń jókòó sí láìmira. Kí ẹ tó rí i, ó ti rí yín. Bí alángbá bá yọjú, ó ti já lù ú. Ó ń jẹ tata, eku, ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹyẹ kéékèèké pẹ̀lú.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwòdì ni í gbé òròmọdìẹ, àṣá kékeré ni wọ́n ń pa. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, ọmọ kíláàsì mi kan sọ ọ̀kan lókò pa, ó ní olè ni. A la ikùn rẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì: ìrù alángbá àti ẹsẹ̀ tata la bá níbẹ̀. Èmi kò ní kò lè gbé òròmọdìẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan o. Ẹ̀yin òbí, ẹ dé àgò lé ìyá adìẹ àti ọmọ rẹ̀, ó tó.

Ẹ̀yin olùkọ́, Accipiter badius ló wà nínú ìwé àtijọ́. Láti 2024, Tachyspiza badia ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń kọ. Ẹyẹ kan náà ni.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ tẹ́tí sí ẹyẹ kéékèèké. Igi tí wọ́n bá ń pariwo yí ká, ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa.