Ọmọ Ibo Ni Ẹ́? Ìtàn Tó Wà Lẹ́yìn Fọ́ọ̀mù Sikọ́láṣípù ní Ọ̀pẹ̀bí

Ìtàn la tún mú wá lónìí, àmọ́ kò jìnnà síbi tí ẹ wà, torí inú fóònù yín ló wà. Ẹ ṣí fọ́ọ̀mù sikọ́láṣípù tàbí bọ́sárì ìpínlẹ̀ kan wò. Wọ́n á béèrè orúkọ yín, ọjọ́ ìbí, ilé ẹ̀kọ́ àti èsì ìdánwò. Ìyẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ kọ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ sì fi ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ tì í lẹ́yìn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le fún ọ̀pọ̀ ọmọ tó dàgbà sí Ọ̀pẹ̀bí.

Ẹni tí wọ́n bí sí Ìkẹjà, tó kàwé ní Ìkẹjà, tó jẹ́ pé ọdún Iléyá tàbí Kérésì nìkan ló ń gbé e dé ìlú bàbá rẹ̀, ọmọ ibo ni? Bí wọ́n ṣe ń béèrè ìbéèrè yìí, ẹ ó rò pé ìdáhùn rẹ̀ ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn ló fa ààlà tó wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn, wọ́n sì ti fà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lórí ilẹ̀ Ọ̀pẹ̀bí kan náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ìbéèrè náà ti wá. Láyé òyìnbó, owó tí ìjọba ń ná lórí ẹ̀kọ́ gíga kéré. Àwọn ará ìlú ló ń dáwó jọ. Ní ọdún 1938, ẹgbẹ́ àwọn Ìbìbíò dáwó, wọ́n sì rán ọmọ wọn mẹ́fà lọ kàwé lókè òkun. Nígbà tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1945, tí wọ́n sì wá ṣí i nílé ní 1948, ọ̀rọ̀ owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá wà lára ohun tí wọ́n gbé lé àyà. Ẹ wò ó dáadáa: láyé ìgbà yẹn, "ọmọ ibo ni ẹ́?" kì í ṣe ìbéèrè burúkú. Owó ìlú ni, ìlú ló dá a. Ó bójú mu kí ìlú béèrè bóyá ọmọ àwọn ni.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba gba iṣẹ́ náà ṣe. Ibí yìí gan-an ni Ọ̀pẹ̀bí ti wọlé.

Ní 1951, ìjọba òyìnbó da Èkó pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1954, wọ́n tún yọ ọ́ kúrò. Èkó di ìlú ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n Ìkẹjà, Ẹ̀pẹ́ àti Badagry kò bá a lọ. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n kù sí, Ìbàdàn sì ni olú-ìlú wọn. Ọ̀pẹ̀bí tí a ń wò lónìí bíi àyà Èkó, kò sí lábẹ́ Èkó nígbà náà rárá.

Ṣé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀? Ó wà o. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní Èkó, ó di 1957. Ọmọ tó wà ní Ìkẹjà ti ń lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ fún nǹkan bí ọdún méjì kí ti Ìsàlẹ̀ Èkó tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé ó gbọ́n ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n fa ààlà gbà ló ṣe é lóore.

Nínú Ìwọ̀-Oòrùn yẹn, ọmọ Ìkẹjà, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Oǹdó, ìjọba kan náà ni gbogbo wọn ń kọ̀wé sí. Ẹ rántí Moshood Abíọ́lá. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1937, ilé wọn kò sì lówó. Sikọ́láṣípù ìjọba ló gbé e dé yunifásítì Glasgow, níbi tó ti kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó. Nígbà tó lówó tán, Ìkẹjà níbí ló kọ́lé sí, òun náà sì di ẹni tí wọ́n mọ̀ mọ́ sísan owó ilé ìwé fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ààlà tún yí padà. Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, wọ́n sì fi Ìkẹjà, Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Badagry kún un. Ọmọ Ọ̀pẹ̀bí sùn ní ará Ìwọ̀-Oòrùn, ó jí ní ará Èkó. Ní 1976, Ìkẹjà di olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá àti ọmọ Ìkẹjà tí wọ́n jọ ń kọ̀wé sí Ìbàdàn títí di 1967 ti wá di ọmọ ìpínlẹ̀ méjì, fọ́ọ̀mù wọn sì di méjì.

Láàárín ìgbà yẹn, àwọn èèyàn kò dúró sójú kan. Iléeṣẹ́ tí wọ́n kọ́ sí Ìkẹjà, Ọrẹ́gùn, Àgídíńgbì àti Ògbà ń pe èèyàn. Wọ́n wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìlọrin, láti Ẹnúgu, láti Ẹ̀kìtì. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n rẹ́ǹtì yàrá, wọ́n bímọ. Ìwé ò ka àwọn ọmọ yẹn sí ọmọ ibí.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìwé òfin 1999 sọ. Ní abala 318, ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí tàbí òbí àgbà rẹ̀ wá láti ìlú ìbílẹ̀ kan níbẹ̀. Bí ọdún tí ẹ fi gbé ibẹ̀ bá tó ogójì, kò kà á. Ṣùgbọ́n abala 42 nínú ìwé kan náà ní kí wọ́n má fi ibi tí èèyàn ti ṣẹ̀ wá fi nǹkan dù ú. Abala méjèèjì wà nínú ìwé kan ṣoṣo.

Bọ́sárì Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọmọ ìbílẹ̀ Èkó ni. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tiwọn. Àmọ́ níbo ni owó náà ti ń wá? Owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù, ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni wọ́n ń san án sí. Bàbá tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Ọrẹ́gùn, tó ń gbé Ọ̀pẹ̀bí, Èkó ló san owó orí rẹ̀ fún. Nígbà tó kan ọmọ rẹ̀ láti gba bọ́sárì, wọ́n ní kó lọ sí Ọ̀ṣun, níbi tí bàbá náà kò san kọ́bọ̀ owó orí oṣù sí. Láyé ẹgbẹ́ ìlú, ẹni tó dáwó lọmọ rẹ̀ ń jẹ ẹ́. Ìbéèrè àtijọ́ la mú dání, a sì fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn ló ń béèrè ìlú o. Ní 2011, wọ́n fi kún owó ilé ìwé LASU láti 25,000 náírà. Ó wá di 193,750 sókè dé 348,750. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jà, ìjọba sì dá a padà sí 25,000 ní 2014. Owó tó wálẹ̀ yẹn, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló jẹ àǹfààní rẹ̀. Owó àyálò NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ ṣí fún akẹ́kọ̀ọ́ ní oṣù karùn-ún 2024 náà, ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ wà ló ń wò. Ẹni tó wà ní LASUSTECH ní Ìkòròdú, ìyẹn pólì ìpínlẹ̀ tó di yunifásítì ní 2022, lè lọ sórí rẹ̀. Kò ní èlé, ṣùgbọ́n gbèsè ni, kì í ṣe sikọ́láṣípù. Ẹ má da méjèèjì pọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra dátà jókòó ti fọ́ọ̀mù kankan, ẹ kọ́kọ́ wá ìlà tó sọ ẹni tí wọ́n ń fún. Tó bá jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ni, ẹ bi àwọn òbí yín léèrè ìlú bàbá àti ti ìyá, torí òfin kò sọ pé ti bàbá nìkan. Àwọn kan wà tí ìyá wọn jẹ́ ọmọ Ìkẹjà tí wọn kò rántí. Ẹ lọ gba ìwé ẹ̀rí náà ní ìjọba ìbílẹ̀ nígbà tí kò sí ìkánjú, kì í ṣe ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù fẹ́ parí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ìlú yín tó ń ṣe ìpàdé ní Èkó bóyá wọ́n ṣì ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Tí wọ́n bá sì dá yín padà torí ìlú, ẹ má gbà pé ẹ kò yẹ. Ààlà ló dá yín padà. A sì ti rí i lórí ilẹ̀ Ọ̀pẹ̀bí pé ààlà máa ń yí. Ẹni tó bá ní káàdì ìdìbò lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ìbò rẹ̀ pé: owó orí bàbá mi, ọmọ ta ló ń kà á sí?

Ó tó báyìí fún tòní. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù lọ́wọ́.