Òfin tó ń wá orúkọ: ìtàn kékeré handle-callback-err

Ní Adjarra, lẹ́bàá Àjàṣẹ́, àkọtọ́ méjì ni ọ̀rọ̀ kan náà ní. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè Benin ti 1975 ní ká kọ “ashɔ”; ìwé tó bá ti Nàìjíríà wọlé a kọ “aṣọ”. Ẹ̀rọ tó mọ ẹyọ kan yóò fa ìlà pupa sábẹ́ èkejì, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà là ń wọ̀. Àìsàn yìí ni mo rí nínú ìtàn àyẹ̀wò kóòdù kan.

Nínú Node.js, tí Ryan Dahl gbé jáde ní 2009, ètò kì í dúró de iṣẹ́ tó bá máa pẹ́, bíi kíka fáìlì. Ó ń fi callback sílẹ̀, tí a óò pè nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi lé callback lọ́wọ́. Kò sì sí ohun tó ní dandan kí ẹnikẹ́ni wò ó: fáìlì lè má sí rárá, kí ètò máa bá iṣẹ́ lọ.

Nicholas Zakas dá ESLint sílẹ̀ ní 2013 láti máa ka kóòdù kí ó tó ṣiṣẹ́. (Lint, irinṣẹ́ Stephen Johnson ní Bell Labs ní àwọn ọdún 1970, ni baba ńlá rẹ̀, ìdọ̀tí òwú ara aṣọ ni orúkọ náà.) Òfin rẹ̀ kan, handle-callback-err, ń wo callback tí nǹkan àkọ́kọ́ rẹ̀ ń jẹ́ err. Bí wọn kò bá dárúkọ err nínú rẹ̀, ó pariwo. Pè é ní e, òfin náà dákẹ́, àfi tí o bá tún un ṣètò. Dárúkọ err lẹ́ẹ̀kan, kódà lásán, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Async àti await wọ JavaScript ní 2017, àṣìṣe kò sì nílò orúkọ láti rìn mọ́. Ní oṣù karùn-ún 2020, ESLint 7 fẹ̀yìn òfin náà tì pẹ̀lú àwọn òfin Node mìíràn, wọ́n ní eslint-plugin-node ni ilé wọn. Ọ̀rọ̀ ìṣètò nìyẹn. Lójú tèmi, gírámà ti fi òfin náà sílẹ̀ ṣáájú. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Node 15 bẹ̀rẹ̀ sí í dá ètò dúró bí promise bá kùnà tí ẹnikẹ́ni kò gbà á.

Ṣùgbọ́n Node 15 kò wo callback àtijọ́. Kóòdù 2014 tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lè gbé err mì lónìí, bí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bá yọ òfin náà láìfi ti plugin rọ́pò rẹ̀.