Bíbó Ọ̀dà àti Àtúnkùn Àwòṣe Bàálù

Bíbó ọ̀dà àti àtúnkùn ni iṣẹ́ tí àwọn tó ń to àwòṣe bàálù ń ṣe nígbà tí wọ́n bá rí i pé àwọ̀ tí wọ́n kùn sára bàálù kékeré kò bá ti bàálù gidi mu. Wọ́n á fi kẹ́míkà tú ọ̀dà àtijọ́ títí ike yóò fi hàn, wọ́n á fọ ike náà mọ́, wọ́n á sì tún àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ọ̀dà àkọ́kọ́ lè jọ̀lọ̀, kó dán, kó sì wu ènìyàn. Inú ìtàn ni àṣìṣe rẹ̀ wà: bàálù tí a kọ ọdún 1943 sí ìdí rẹ̀ ló gbé ẹ̀wù 1940 wọ̀.

Àwòṣe tí à ń wí kì í ṣe ohun ìṣeré tí ọmọdé ń jù sókè. Inú páálí ló ti ń wá ní ègé-ègé. Ẹni tó rà á ni yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, òun náà ni yóò sì kùn ún. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù ni 1/72, níbi tí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ti bàálù gidi ti di íǹṣì kan. Ìwọ̀n 1/48 àti 1/32 wà fún ẹni tó láàyè lórí pẹpẹ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ FROG ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé irú rẹ̀ oníke jáde ní 1936, wọ́n pe ọ̀wọ́ náà ní Penguin, ṣùgbọ́n cellulose acetate ni ike wọn, ó sì máa ń wọ́ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni polystyrene gba ipò rẹ̀, òun la sì ń lò títí di òní. Airfix, tí Nicholas Kove dá sílẹ̀ ní 1939, bẹ̀rẹ̀ sí í ta Spitfire oníke ní 1953. Láti ìgbà náà, kò jọ pé bàálù ogun mìíràn wà tí àwọn ènìyàn tò tó Spitfire, kò sì jọ pé òmíràn wà tí wọ́n ṣi àwọ̀ rẹ̀ kùn tó o.

Orúkọ àwọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀

Yorùbá ní funfun, dúdú àti pupa. Èyí tó kù, nǹkan tó jọ ọ́ la fi ń pè é: àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú, àwọ̀ ìyeyè. Ìyẹn tó láti fi ra aṣọ. Kò tó láti fi tún bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì kùn, nítorí eérú méjì ló wà lára bàálù kan náà, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan níkùn, ẹni tó bá sì gbé ọ̀kan sí ipò èkejì ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ocean Grey ni wọ́n ń pe eérú òkè, Medium Sea Grey ni ti ìsàlẹ̀. Nínú ìwé ìlànà British Standard 381C, nọ́ńbà 637 jẹ́ ti Medium Sea Grey.

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣirò tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba Jámánì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú nígbà ogun fi RLM síwájú nọ́ńbà, nítorí náà ni àwọn olùtò-bàálù fi ń pe eérú ara bàálù Messerschmitt ní 74, 75 àti 76 bí ẹni ń pe nọ́ńbà ilé. Ti Amẹ́ríkà, Federal Standard 595 tó jáde ní 1956, ló mọ́gbọ́n wá jù. Ẹyọ nọ́ńbà márùn-ún ni àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ bóyá ọ̀dà náà ń dán: 1 ń dán gbinrin, 2 ń dán díẹ̀, 3 kò dán rárá. Ẹyọ kejì ń sọ ìdílé rẹ̀, 6 sì ni ìdílé eérú. Ẹni tó bá gbọ́ 36118 ti mọ̀, kó tó ṣí ìwé rárá, pé eérú tí kò dán ni.

Àpẹẹrẹ: Spitfire tó ń jẹ́ Nàìjíríà

Ní 1940, nígbà tí Lord Beaverbrook ń darí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń pèsè bàálù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n polongo pé £5,000 lè ra Spitfire kan. Iye yẹn kò tó owó bàálù náà ní ti gidi, àmọ́ ó rọrùn láti dá. Owó wọlé láti inú ilẹ̀ wọn àti láti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ikọ̀ 91 ni wọ́n fi orúkọ Nàìjíríà sọ: 91 (Nigeria) Squadron, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Hawkinge, ní agbègbè Kent, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1941. Lẹ́tà DL ló wà lára bàálù wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1943 ni Spitfire XII bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, irú tí wọ́n gé ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ kúrò, tí ẹ̀rọ Griffon sì wà nímú rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún péré ni wọ́n ṣe. Ikọ̀ 41 àti ikọ̀ 91 ló fi jagun.

Ẹni tó bá wá to Spitfire XII yìí, tó lẹ DL mọ́ ọn nítorí ìfẹ́ ilé, tó sì kùn ún ní àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ ewé, ohun tó rí nínú fíìmù ogun ló kùn. Àwọ̀ ilẹ̀ yẹn, Dark Earth, jẹ́ ti ìgbà tí Jámánì ń wá bá Gẹ̀ẹ́sì nílé. Ó wà láti fi bàálù tó wà nílẹ̀ pamọ́ sínú oko àti igbó. Nígbà tó di 1941, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọdá òkun lọ bá wọn, ìjà sì ti ga sókè. Lórí omi àti nínú kùrukùru, àwọ̀ oko ń tú àṣírí ẹni ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n pàṣẹ kí Ocean Grey rọ́pò Dark Earth, kí Medium Sea Grey sì wá sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi kan Spitfire XII, ẹ̀wù oko ti di àkísà fún bàálù ajàlọ́sàn-án tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àmì olóbìírípo náà ní ọdún tirẹ̀. Láti àárín 1942, wọ́n mú òrùka funfun àti òrùka ìyeyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó tún àwọ̀ kùn tó fi àmì 1940 sílẹ̀, ìdajì àṣìṣe ló bó.

Ẹ̀rí

Àwọn kan máa ń sáré bó ọ̀dà nítorí pé ẹnì kan sọ fún wọn pé kò tọ́. Èyí ni mo kà sí ìwà àìnísùúrù tó burú jù nínú iṣẹ́ yìí, nítorí ẹ̀rí àwọ̀ kì í sábà rọrùn. Fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun máa ń tanni. Fíìmù tí wọ́n ń pè ní orthochromatic kì í rí pupa. Ohun pupa àti ohun ìyeyè máa ń dúdú nínú rẹ̀, búlúù a sì ṣá. Òrùka ìyeyè lára àwọn bàálù Gẹ̀ẹ́sì dúdú nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ débi pé ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé búlúù ni.

Fọ́tò aláwọ̀ mèremère náà kì í parí ẹjọ́. Bàálù Mustang kan wà tó ń jẹ́ Lou IV, ti ikọ̀ 361st Fighter Group ti Amẹ́ríkà. Wọ́n ya fọ́tò aláwọ̀ rẹ̀ ní 1944. Àwọn kan wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní búlúù ni, àwọn kan ní àwọ̀ ewé ni, ìjà náà kò sì tíì tán.

Nígbà mìíràn, bàálù gidi fúnra rẹ̀ kò tẹ̀lé ìwé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1940, wọ́n ní kí ikùn bàálù ajagun di Sky, àwọ̀ ewé tó ṣá gan-an tó sì fẹ́ jọ àwọ̀ ẹyin pẹ́pẹ́yẹ. Ọ̀dà náà kò tó. Àwọn tó wà ní pápá bẹ̀rẹ̀ sí í po tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni ikùn bàálù fi di oríṣiríṣi, láti àyìnrín títí dé ewé. Nítorí náà, a kò lè fi Sky nìkan dá ẹni tó to bàálù oṣù yẹn lẹ́bi. Ìwé tó ṣe é gbára lé wà: RAF Museum tẹ ọ̀kan jáde ní 1976 tí ègé ọ̀dà gidi wà nínú rẹ̀, kì í ṣe àwòrán àwọ̀ lásán.

Bíbó

Bí ọ̀dà àtijọ́ bá fẹ́lẹ́, tí ìlà tín-ín-rín ara bàálù sì ń hàn, kò sídìí láti bó o. Kí a fi sáńpépà múlọ́múlọ́ ra á, kí a fọ́n àwọ̀ tuntun lé e. Ìgbà tí ọ̀dà bá ti nípọn débi pé ó di ìlà wọ̀nyẹn pa ni bíbó di dandan.

Ike polystyrene ni ọmọ ìyá páàkì funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń di oúnjẹ fún oníbàárà. Ẹni tó bá ti rí bí pẹtiróòlù ṣe ń jẹ páàkì yẹn kò ní bi wá léèrè ìdí tí a fi ní kó má fi pẹtiróòlù, tínà àwọn tó ń kun mọ́tò, tàbí omi tí obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná kan àwòṣe. Ike náà á yọ́ pẹ̀lú ọ̀dà.

Ohun tó yẹ lò sinmi lórí irú ọ̀dà tó wà lára rẹ̀. A máa ń fi òwú kékeré dán an wò níbi tí ojú kò tó, bíi abẹ́ ìyẹ́. Ọ̀dà acrylic kì í ṣòro. Sípíríìtì tí nọ́ọ̀sì fi ń nu apá kó tó gún abẹ́rẹ́ máa ń tú u. Dettol gan-an ń ṣe é: a ó rẹ bàálù sínú rẹ̀ lódidi, láìpò ó mọ́ omi, di ọjọ́ kejì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe ni pé wọ́n á gbé e bọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ omi lójú ẹsẹ̀. Bí omi bá kan ọ̀dà tí Dettol ti rọ̀, yóò di ohun tó ń fà bí ọ̀dà ojú títì, kò sì ní kúrò mọ́. Dettol tuntun ni kí a kọ́kọ́ fi ṣan án, kí omi àti ọṣẹ tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀dà enamel tó ti pẹ́ lára ike le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọṣẹ tí wọ́n ń fọ́n sínú ààrò gáàsì láti fi fọ̀ ọ́, èyí tí sodium hydroxide wà nínú rẹ̀, ló ń ṣe é. Sódà yìí kan náà ni àwọn tó ń ṣe ọṣẹ mọ̀ dáadáa: kì í ṣe ike ní nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń jó ẹran ara. Kí a wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò, kí a fi bàálù sínú ike onídèérí níta gbangba, kí ó sùn síbẹ̀. Àwọn àgbà inú iṣẹ́ yìí máa ń lo omi búréèkì mọ́tò. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní májèlé, ibi tí ènìyàn yóò sì dà á nù kì í wà.

Lẹ́yìn náà ni búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, tí a ó máa fi tẹ̀lé ìlà ara bàálù, àti igi ìtayín fún kọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan kì í tó. Omi tútù tàbí lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni a fi ń ṣan án, nítorí omi tó gbóná gan-an lè wọ́ ìyẹ́. Sítíkà kò ní yè é, ara rẹ̀ ni yóò bá ọ̀dà lọ. Kí a ti ra tuntun sílẹ̀ kí a tó ṣí ìgò kẹ́míkà.

Àtúnkùn

Ike tí a bó kì í padà mọ́ bíi tàtijọ́. Àbàwọ́n máa ń wà lára rẹ̀, ọ̀dà ìpìlẹ̀ aláwọ̀ eérú ni a ó sì fi mú gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Òun náà ló ń fi ojú ibi tí sáńpépà ti họ ike hàn.

Fún Spitfire Nàìjíríà wa, àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ló ń ṣáájú. Ìyeyè ni etí iwájú ìyẹ́ lápá ìta. Sky ni imú àti ọ̀já kan tó yí ìrù ká. Ọ̀já yìí fẹ̀ tó íǹṣì 18 lára bàálù gidi. Ní 1/72, ó jẹ́ ìdá mẹ́rin íǹṣì, ìyẹn mìlímítà mẹ́fà ó lé díẹ̀. A ó fi téèpù bò wọ́n. Medium Sea Grey á wá sí ikùn, Ocean Grey á bo ẹ̀yìn, Dark Green, ìyẹn àwọ̀ ewé rẹ̀, á sì kẹ́yìn. Ẹ̀rọ ìfọ́n-ọ̀dà kékeré tí ẹnu rẹ̀ kò ju mìlímítà 0.2 tàbí 0.3 lọ ló dára, ọ̀dà inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣàn bí mílíìkì tí kò ki. Ibi tí eérú ti pàdé ewé ń fẹ́ ìṣọ́ra: bí etí wọn bá fẹ́ wọ inú ara wọn ní mìlímítà kan péré, ó ti tó sẹ̀ǹtímítà 7.2 lára bàálù gidi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn olùtò-bàálù kò fẹnu kò lé lórí. Àwọn kan ní ohun ńlá tí a wò láti òkèèrè máa ń ṣá lójú, nítorí náà kí a fi funfun là ọ̀dà, tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún fún 1/72 àti ìdá 10 fún 1/48. Àwọn mìíràn ní nọ́ńbà ni nọ́ńbà ń jẹ́. Lójú tèmi, ìdá 15 ti pọ̀ jù lára Medium Sea Grey tó ti ṣá fúnra rẹ̀.

Fánísì tó ń dán ni a ń fọ́n kí sítíkà tó wọlé, nítorí ojú ọ̀dà tí kò dán máa ń há afẹ́fẹ́ mọ́ abẹ́ sítíkà, tí yóò sì máa tàn bí fàdákà. Bí sítíkà bá ti gbẹ, fánísì tí kò dán á bò ó.

Gíláàsì ibi ìjókòó awakọ̀ ni a ń tú téèpù rẹ̀ kẹ́yìn. Ike tó mọ́ gaara ni, ọ̀dà tó bá sì kọ́kọ́ kan férémù rẹ̀ ni ojú ń rí láti inú. Ìdí nìyí tí a fi ń kùn ún ní àwọ̀ inú bàálù, eérú tó fara jọ ewé, kí ti òde tó gùn ún. Bí a bá gbàgbé láti bó férémù yìí, bàálù yóò jẹ́ ti 1943 lóde, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọjú wo inú gíláàsì yóò ṣì rí àwọ̀ ilẹ̀ ti 1940.