Ihò Lẹ́ǹsì àti Kámẹ́rà Onídígí ní Jàpáànù, 1965 sí 1980

Nǹkan méjì ni ó ń pinnu iye ìmọ́lẹ̀ tí yóò kan fíìmù nínú kámẹ́rà: ihò inú lẹ́ǹsì, èyí tí ó ṣeé fẹ̀ tí ó sì ṣeé fún, àti ṣọ́tà, ìyẹn aṣọ pẹlẹbẹ tí ó bo fíìmù lójú, tí í máa ń ṣí fún ìwọ̀nba àkókò kí ó tó padé. Nọ́ńbà ni a fi ń mọ ìwọ̀n ihò, ṣùgbọ́n òdì ni nọ́ńbà náà ń lọ, nítorí pé ihò ńlá ni 2, tí í máa sọ ẹ̀yìn ẹni tí à ń yà di bàìbàì, nígbà tí 16 jẹ́ ihò kékeré tí í mú kí iwájú àti ẹ̀yìn hàn kedere. Ìlànà tí ayafọ́tò fi ń yan ihò, tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ sì ń wá ìyára ṣọ́tà tí ó bá a mu, ni ó tàn kálẹ̀ láàárín àwọn kámẹ́rà onídígí Jàpáànù, ìyẹn àwọn tí dígí inú wọn ń gbé ohun tí lẹ́ǹsì rí wá sí ojú ẹni tí ó ń yọjú wò ó. Ọ̀rọ̀ lẹ́ǹsì ni ó sì jẹ́ kí ó tàn bẹ́ẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹwà àwòrán lọ.

Òdìkejì ìlànà yìí ni ó kọ́kọ́ dé. Konica Auto-Reflex ti ọdún 1965 fi ìyára sílẹ̀ fún ayafọ́tò, ó sì ń yan ihò fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kí kámẹ́rà tó lè pàṣẹ fún ihò tí ó wà nínú lẹ́ǹsì, lẹ́ǹsì náà gbọ́dọ̀ ní ọ̀pá tí yóò gba àṣẹ, ẹni tí ó bá sì ti ní lẹ́ǹsì àtijọ́ nílé gbọ́dọ̀ ra òmíràn. Kámẹ́rà tí ó ń darí ṣọ́tà inú ara rẹ̀ nìkan kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Asahi gbé Pentax Electro Spotmatic jáde ní 1971, kámẹ́rà onídígí àkọ́kọ́ tí ó fi iná mànàmáná ṣe iṣẹ́ yìí, lẹ́ǹsì Takumar àtijọ́ pàápàá wúlò lára rẹ̀, bí ẹni tí ó ń lò ó bá ti kọ́kọ́ fún ihò náà dé ibi tí ó fẹ́.

Ìṣòro tirẹ̀ wà níbòmíràn. Kí ṣọ́tà tó ṣí, dígí gbọ́dọ̀ gbéra kúrò lọ́nà, bí ó bá sì ti gbéra, òkùnkùn ti bo ẹ̀rọ ìwọn-ìmọ́lẹ̀ tí ó wà lẹ́bàá ibi tí a ń yọjú, ní àkókò gan-an tí a nílò rẹ̀ jù. Nítorí náà ni a ṣe fi ohun tí ń tọ́jú iná díẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, kí ìwọ̀n tí ó rí gbẹ̀yìn má baà sọ nù títí iṣẹ́ yóò fi parí. Nikkormat EL tẹ̀ lé e ní 1972, tí bátìrì rẹ̀ fara pamọ́ sábẹ́ dígí; bí bátìrì bá kú, ìyára kan ṣoṣo ni ó kù, ìdá kan nínú 90 ìṣẹ́jú àáyá.

Olympus OM-2 ti 1975, iṣẹ́ Yoshihisa Maitani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà lọ́nà tí ó gbọ́n jù lọ. Wọ́n gbé ojú ìwọn-ìmọ́lẹ̀ sí ìsàlẹ̀ inú kámẹ́rà, ó kọjú sí fíìmù, wọ́n sì tẹ àmì dúdú àti funfun sára aṣọ ṣọ́tà tí ó ń ṣáájú, kí ó lè dá ìmọ́lẹ̀ padà bí fíìmù ti ń ṣe. Bí ìyára bá pọ̀, àmì wọ̀nyí ni ẹ̀rọ ń kà. Bí ó bá falẹ̀, fíìmù gan-an ni, tí ó fi jẹ́ pé bí ìkùukùu bá bo oòrùn nígbà tí ṣọ́tà ṣì wà ní ṣíṣí, kámẹ́rà yóò mọ̀, yóò sì fi kún àkókò.

Lẹ́yìn èyí, ìlànà náà di ti gbogbo ènìyàn, nítorí Pentax ME ti 1976 kò tilẹ̀ fún ayafọ́tò láyè láti to ìyára lẹ́sẹẹsẹ, Nikon F3 ti 1980 sì gbé e dé ọwọ́ àwọn tí fọ́tò jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Canon, tí ó ti fi AE-1 ti 1976 dúró ti yíyan ìyára, ṣe AV-1 ní 1979 fún àwọn lẹ́ǹsì FD kan náà. Lára kámẹ́rà yìí, ayafọ́tò gbọ́dọ̀ yí òrùka lẹ́ǹsì kúrò lórí àmì tí a ṣe fún yíyan ihò láìfọwọ́kàn, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú nọ́ńbà tí ó wù ú.