Níbo Ni Ìpè Ti Ń Bá Ènìyàn? Ẹ̀kọ́ Láti Ara Àjàyí Ọmọ Òṣoogùn

  

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà ìpàdé wa tó kọjá, lẹ́yìn tí a jẹun tán, tí oníkálùkù ń bi ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe báyìí?", mo ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi ẹ̀rín bo ìdáhùn mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń ṣe tíṣà ní, "Mo ṣì ń fara pamọ́ síbẹ̀ ná ni." Ẹni tó ń ránṣọ ní, "Kí ebi má ṣáà pa wá." Èmi náà tí mo jáde ní poli, tí mo ń kọ ìròyìn jẹun, mo dáhùn pé, "Mo kàn wà níbẹ̀ ni." Àfi bí ẹni pé gbogbo wa ń dúró de iṣẹ́ gidi kan tí Ọlọ́run máa pè wá sí lọ́la, tí èyí tó wà lọ́wọ́ wa lónìí kò sì já mọ́ nǹkan kan.

N kò ní purọ́ fún yín. Ọdún kan wà tí ibi iṣẹ́ mi jẹ wá lówó oṣù márùn-ún. Mo ti kọ ìwé pé mo fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ti wà nínú àpò mi. Wòlíì kan ti sọ fún mi pé iṣẹ́ Olúwa ni mo wá ṣe láyé, pé kí n jáwọ́ nínú kálámù. Ohun tó dá mi dúró ni ìtàn ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí sí ìtòsí wa níbí. Láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ka ìtàn rẹ̀ dáadáa.

Àjàyí lorúkọ rẹ̀. Òṣoogùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bíi 1809. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ná ọjà Ìsẹ́yìn mọ̀ pé ibẹ̀ kò jìnnà sí Ìbàràpá wa. Ní 1821, ogun akónilẹ́rú wọ Òṣoogùn, wọ́n sì kó òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lọ. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi ọmọ náà pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó yá, ẹṣin kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, ló bá dá ẹṣin padà, ó gba ọmọ rẹ̀ padà bí ẹni gba ọjà. Wọ́n tún tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé Èkó. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan ní 1837 pé ayé sú òun nígbà náà débi pé òun fẹ́ fi ọ̀já ìdí òun fún ara òun lọ́rùn.

Ní April 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Myrmidon mú ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn ẹrú lọ dá sílẹ̀ ní Sàró.

Ẹ wá wo ohun tó kọ́ níbẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti mọ Májẹ̀mú Titun kà. Ṣùgbọ́n ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú o! Ní 11 December 1825 ni wọ́n ṣèrìbọmi fún un, tí wọ́n sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Ní 1827 ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní Freetown. Lẹ́yìn náà, ó di tíṣà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: láti ìgbà tó ti ṣèrìbọmi títí di 1843 tí wọ́n tó fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó tó bí ọdún méjìdínlógún. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún wọ̀nyẹn, ọmọ ọlọ́mọ ló fi ń kọ́ ní ABD.

Àbí ẹ rò pé ó fi àkókò ṣòfò? Ó ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ. Ní 1843 kan náà ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ jáde. Ní January 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown fún àwọn tí wọ́n gbà lóko ẹrú bíi tirẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ sí ibí yìí. Àwọn akónilẹ́rú gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba ìyá, wọ́n gba òmìnira. Èdè tó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ní Òṣoogùn nìkan ni wọn kò rí gbà. Ohun tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ yẹn gan-an ni Ọlọ́run bá a lò.

Nígbà tó padà sí ilẹ̀ wa, ọ̀nà kò là lójú kan náà. Àgbádárìgì ló gúnlẹ̀ sí ní January 1845, Abẹ́òkúta ló ń lọ. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tó ń retí wọn, kú, ọ̀nà sì dí. Ọdún kan àti ààbọ̀ ló fi dúró. Ká ní ọ̀pọ̀ nínú wa ni, a ó ti sọ pé bóyá ìpè yìí kì í ṣe tiwa. Òun ń wàásù, ó ń kọ́ ọmọdé níwèé, ó ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́. Ní August 1846 ló tó wọ Abẹ́òkúta, kò sì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Àfàlà, ìyá rẹ̀, fi wá a dé ibẹ̀, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ní 1848, ìyá náà ṣèrìbọmi, ó ń jẹ́ Hannah.

Ẹ mọ ìyókù. Ní 29 June 1864, wọ́n fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Ní 1884, odindi Bíbélì Yorùbá parí, èyí tí òun àtàwọn ẹlòmíì ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí á tan ara wa. Ní 1890, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí wọn kò tó ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí gba àṣẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní agbègbè Odò Ọya, wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dànù. Ní 31 December 1891 ló kú. Ìpè kì í ṣe ìlérí pé ara á tuni.

N kò sọ pé Ọlọ́run kì í pe ènìyàn kúrò nídìí iṣẹ́. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ títì fún PWD lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ní 1928, nígbà tó ní òun gbọ́ ohùn. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣé ẹ rí i? Ẹnu iṣẹ́ náà ni ohùn ti bá a. Kò bá a lórí ibùsùn.

Ìwé tí mo kọ yẹn, n kò fún ẹnikẹ́ni. Owó oṣù kò tètè wọlé o, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n mo yí bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Mo dẹ́kun àti máa kọ ìròyìn láìdé ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí oko, mo ń jókòó ti àwọn ìyá tó ń gé ẹ̀gẹ́, mo ń béèrè bí ọjà ṣe rí fún wọn, mo sì ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Tí mo bá ti fẹ́ kọ irọ́ kékeré kan láti fi dùn, mo máa ń rántí pé ẹnì kan ń wo iṣẹ́ yìí tí kì í ṣe máníjà. Èyí ni mo mọ̀ sí ìpè báyìí.

Nítorí náà, ìwọ tíṣà, má tún sọ pé o fara pamọ́ síbẹ̀. Ìwọ télọ̀, nọ́ọ̀sì, àgbẹ̀, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ni kí o kọ́kọ́ fi hàn fún Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ ẹ̀yin Mùsùlùmí àárín wa sílẹ̀. Iṣẹ́ tí a fi òótọ́ ṣe, ìjọsìn ni lójú Aláàánú jù lọ. Bí a bá sì tún pàdé, tí mo bi yín pé iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn láìrẹ́rìn-ín.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a ṣiṣẹ́ lásán o. Ó dìgbà.